Ìgboyà àti Ẹlẹ́rìí Rẹ̀: Isaac Fadoyebo, Ogun Bọ́mà àti Orúkọ Arakan ní Àpápá

    

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ìgbésí ayé akọni ológun. Ó rọrùn láti mú ọ̀gágun kan tí àyà rẹ̀ kún fún àmì ẹ̀yẹ, kí n ka àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a pàtẹ́wọ́, kí oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí mo mú wá síwájú yín lónìí jẹ́ ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà tí ọta ìbọn bà á. Kò sí ìjọba kankan tó fi àmì ẹ̀yẹ ìgboyà kọ́ ọ láyà. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ fi béèrè nǹkan mẹ́ta: báwo ni àmì ẹ̀yẹ ṣe ń dé àyà ènìyàn, ta ni kì í rí i gbà, kí ló sì kan àwa ará Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ nínú rẹ̀?

Orúkọ tó wà lẹ́nu wa

Ẹni tó bá ń wá ogun Bọ́mà ní Èkó, Àpápá ni kó wá. Burma Road wà níbẹ̀. Bombay Crescent wà níbẹ̀, Calcutta Crescent náà kò jìnnà. Bárékè Arakan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bombay àti Calcutta jẹ́ ìlú ńláńlá ní Íńdíà, orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ojú omi já àwọn ọmọ ogun wa sí. Bọ́mà ni wọ́n gbà lọ láti ibẹ̀. Arakan ni ẹkùn etí òkun Bọ́mà tí wọ́n ti jìjàkadì pẹ̀lú Jàpáànù, èyí tí wọ́n ń pè ní Rakhine lónìí. Awakọ̀ tírélà tó ń tò lọ sí wọ́ọ̀fù ń pe àwọn orúkọ yìí láàárọ̀ lálẹ́. Ọmọ ilé ìwé ń kọ wọ́n sí àdírẹ́sì. Ṣùgbọ́n bi ọmọ náà pé kí ni Arakan, bárékè ni yóò sọ fún ọ. Kò jẹ̀bi. Ta ló sọ fún un?

Kì í ṣe Àpápá nìkan. Bárékè Dodan ní Obáléńdé, tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè wa ti gbé rí, láti Bọ́mà ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Letmauk ní Ìbàdàn, Dalet àti Kalapanzin ní Kàdúná, Chindit ní Sáríà, gbogbo wọn, ogun kan náà ló bí wọn. Àwọn ọmọ ogun wa gbé orúkọ ibi tí wọ́n ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ wálé, wọ́n fi sọ ilé tí wọ́n ń gbé. Orúkọ náà dé. Orúkọ àwọn tó gbé e wá ni kò bá a dé.

Ilẹ̀ Àpápá mọ iyì ẹ̀rí tí a kọ sílẹ̀. Ní 1913 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ níbí, tí Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, sì pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹjọ́ náà lọ láti ilé ẹjọ́ kan dé òmíràn títí ó fi dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá Olúwa lọ sí ìlú Ọba lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1921, Olúwa jàre, ìjọba sì san £22,500 owó gbà-má-bínú lórí ilẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà jẹ́rìí sí, tí amòfin kọ sínú ìwé, ló ṣẹ́gun. Lórí ilẹ̀ tó fa ẹjọ́ yìí ni wọ́n kọ́ èbúté tuntun sí, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1926. Ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á kò ju pé ìlú yìí ti mọ̀ tipẹ́ pé ohun tí kò bá ní ẹlẹ́rìí, tí kò sì sí nínú ìwé, ẹlòmíràn ni yóò sọ bó ṣe rí.

Ogun Hitler dé Bọ́mà

Ogun Hitler ni àwọn bàbá wa ń pe Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ará Jámánì kankan bá jà. Jàpáànù ni wọ́n bá pàdé. Ní 1942 ni Jàpáànù gba Bọ́mà mọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ó sì ń halẹ̀ mọ́ Íńdíà. Òkè àti igbó kìjikìji ni Bọ́mà, òjò ibẹ̀ sì ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ń wá ọmọ ogun tó lè wọ inú rẹ̀ láìsí ọ̀nà ọkọ̀, ojú wọn sì yí sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Ní oṣù Kẹta 1943 ni wọ́n dá 81st (West African) Division sílẹ̀, láti inú àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast tí a ń pè ní Gánà báyìí, Sàró àti Gáḿbíà. 82nd Division tẹ̀lé e lọ́dún náà. Aláǹtakùn ni àmì tí àwọn ti àkọ́kọ́ rán mọ́ aṣọ wọn. Ti àwọn èkejì ni ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn lórí òṣùká alárù. Òṣùká yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà, orí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi jagun.

Àfonífojì odò Kaladan ní Arakan ni wọ́n fi rán 81st. Ọ̀nà kò sí. Àwọn ọmọ ogun náà fi ọkọ́, àdá àti ọwọ́ la ọ̀nà jíìpù tó gùn tó máìlì 75 gba orí òkè, wọ́n sọ ọ́ ní West African Way. Nígbà tí ọ̀nà náà dópin, ẹrù gun orí: ọta, oúnjẹ, oògùn, aláìsàn pàápàá. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí wọ́n ń jẹ àti ohun tí wọ́n ń yìn níbọn, ọkọ̀ òfurufú ló ń jù ú sílẹ̀ fún wọn. Ní oṣù Kìíní 1945, Myohaung, olú ìlú àtijọ́ àwọn ọba Arakan, bọ́ sí àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Jàpáànù túúbá.

Bí àmì ẹ̀yẹ ṣe ń dé àyà

Kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, a ní bí a ṣe ń yẹ́ akọni sí. Àádọ́rin ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ ní Ọ̀yọ́ àtijọ́. Oyè wọn kì í ṣe oyè ilé tí ọmọ ń jogún, ìgboyà ẹni ni í fi í jẹ. A máa ń sọ pé Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn, iwájú ni í ti í gbà á. Ẹni tó bá ṣe bẹbẹ lójú ogun, oríkì ni ẹ̀san rẹ̀, oríkì náà á sì dúró lé àtọmọdọ́mọ rẹ̀ lórí. Ṣùgbọ́n oríkì kì í ti ojú ọ̀run já bọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀, kó rí i, kó sì délé wí i. Níbi tí kò bá ti sí ẹlẹ́rìí, àkànṣe ìgboyà kò ní oríkì.

Ti Gẹ̀ẹ́sì kò yàtọ̀ sí èyí ní gbòǹgbò, àfi pé ìwé ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Ọ̀gá ológun ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé lágbájá ṣe báyìí, lọ́jọ́ báyìí, níbi báyìí. Ìwé náà á máa gòkè láti ọwọ́ ọ̀gá kan dé ọwọ́ ọ̀gá tó jù ú lọ, kí orúkọ tó jáde nínú London Gazette, ìwé ìròyìn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ipò sì ń pín àmì. Títí di 1993, àwọn ọ̀gá ni Military Cross wà fún. Ṣọ́jà tó ṣe ohun kan náà gan-an, Military Medal ni tirẹ̀. Títí di 1942, Distinguished Conduct Medal tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà lọ́tọ̀, ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn pupa, àmì tí wọ́n ń fi san án ló ní àwọ̀.

Síbẹ̀, àwọn kan gba tiwọn. Chari Maigumeri bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ológun lọ́dọ̀ àwọn Jámánì ní Kamẹrúùnù, wọ́n sì fún un ní Iron Cross nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì lé Jámánì kúrò níbẹ̀, ó di ọmọ ogun Nàìjíríà, ó gòkè di ọ̀gá àwọn sájẹ́ǹtì, Gẹ̀ẹ́sì náà sì fún un ní Military Medal. Ìjọba méjì tó ń pa ara wọn ló jẹ́rìí sí ìgboyà ọkùnrin kan. Seth Anthony, olùkọ́ láti Gold Coast, ni ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì sọ di ọ̀gá. Ó darí ọmọ ogun ní Bọ́mà, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ MBE. Ẹ tún wo ọmọ Yorùbá tiwa, Akin Shenbanjo, tó jà lójú òfurufú Yúróòpù. Iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì àti ti ayìnbọn ló ń ṣe nínú ọkọ̀ òfurufú ajubọ́ǹbù Halifax, ní 76 Squadron ti RAF, ẹgbẹ́ ológun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fún un ní Distinguished Flying Cross. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ “Achtung! The Black Prince” sára ọkọ̀ wọn nítorí tirẹ̀.

Iyì ni fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò sì ní bu ẹyọ kan kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹnì kan wà nítòsí olúkúlùkù wọn, tó rí ohun tó ṣe, tó mọ̀wé, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wọ ọ́fíìsì. Wàyí o, ẹ jẹ́ ká lọ sí etí odò Kaladan.

Isaac, ọmọ Emùré-Ilé

Oṣù Kejìlá 1925 ni wọ́n bí Isaac Fadoyebo. Ní oṣù Kìíní 1942, ó lọ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀, ọjọ́ orí yín ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń wá lónìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ayé ìgbà náà ń wá: iṣẹ́ tó ní owó oṣù, àti àǹfààní láti rí ayé.

Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n kọ́ ọ. Ikọ̀ oníṣègùn tó ń tẹ̀lé 81st Division kiri ni wọ́n fi í sí, àwọn ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Sàró jọ wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di ojú ọgbẹ́, láti gbé aláìsàn, láti fún ènìyàn ní omi mu kí ó tó kú.

Ní oṣù Kẹta 1944, ikọ̀ náà ń sọ̀kalẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Kaladan. Òwúrọ̀ ni, oúnjẹ ni wọ́n ń múra àtijẹ. Àwọn Jàpáànù ti ba dè wọ́n. Ìbọn dún lójijì. Nígbà tí ó dákẹ́, òkú sùn káàkiri etí odò. Ọta ti fọ́ egungun itan ọ̀tún Isaac, òmíràn bà á níkùn. David Kargbo, ọmọ Sàró, náà gbọgbẹ́. Àwọn Jàpáànù wá, wọ́n wò wọ́n, wọ́n rò pé òkú ọ̀la ni wọ́n, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ogun Isaac ti bẹ̀rẹ̀. Olùtọ́jú aláìsàn ni. Ó mọ ohun tí egungun itan tó ṣẹ́ ń fẹ́: igi tí a fi ń tò ó, aṣọ mímọ́, oògùn, oníṣègùn. Ó mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí kò bá rí wọn. Kò sì ní ìkankan nínú wọn. Kò lè dìde. Inú igbó ni ó wà, ní ilẹ̀ tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, ọ̀tá wà láyìíká, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ sì ti padà sẹ́yìn. Nílé, ẹni tó sọnù lójú ogun ló di.

Àwọn ará abúlé tó wà nítòsí kọ́kọ́ ń fún wọn lóúnjẹ. Lẹ́yìn náà ni àgbẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shuyiman gbà wọ́n sínú ilé ara rẹ̀. Mùsùlùmí Arakan ni Shuyiman. Isaac àti David jẹ́ Kristẹni, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe bí Mùsùlùmí kí àwọn ará abúlé lè gbà wọ́n mọ́ra. Abẹ́ òrùlé yẹn ni wọ́n wà. Jàpáànù ń rìn kiri ẹkùn náà, ikọ́ kan ṣoṣo tàbí ọ̀rọ̀ àlejò kan lè tú àṣírí wọn. Itan Isaac jiná fúnra rẹ̀, ó jiná ní wíwọ́. Oṣù mẹ́sàn-án kọjá. Ní oṣù Kejìlá 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tún padà sí àfonífojì náà, àwọn ọmọ ogun Gurkha nínú wọn ló wá rí wọn. Wọ́n bá ọmọ Yorùbá kan àti ọmọ Sàró kan nínú abà àgbẹ̀, wọ́n yè.

Ìgboyà wo nìyẹn? Mo mọ̀ pé ẹnì kan lè sọ pé ẹni tó dùbúlẹ̀ kò jagun. Ìgboyà tí gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ fún ni ti ẹni tó sáré lọ sí ẹnu ìbọn, ìyẹn sì tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò ó, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yóò parí, bó yè, bó kú. Ẹni tó jí ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan fún oṣù mẹ́sàn-án, tí kò sí ọ̀gá tó ń wò ó, tí kò sí fèrè tó ń dún, tí kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀, tí ó sì pinnu lójoojúmọ́ pé òun kò ní juwọ́ sílẹ̀, ẹ sọ fún mi, irú ọkàn wo ló wà nínú rẹ̀? Kò sí ọ̀gá ológun kankan nínú abà Shuyiman tí yóò kọ ìwé gòkè. Àmì ẹ̀yẹ kò lè dé ibẹ̀, nítorí ìwé kò ti ibẹ̀ jáde.

Ẹni tí kò wọ aṣọ ológun

Nísinsìnyí ẹ wo Shuyiman. Isaac ti búra fún ọba, ó sì ń gba owó oṣù. Shuyiman kò búra fún ẹnikẹ́ni. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á síṣẹ́. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ. Bí àwọn Jàpáànù bá bá ọmọ ogun ọ̀tá nínú ilé rẹ̀, kì í ṣe òun nìkan ni wọn yóò pa. Oúnjẹ tí kò tó àwọn ará ilé ló ń bá àlejò méjì pín, àwọn àlejò tí àwọ̀ ara wọn nìkan tó láti tú àṣírí. Bí ìgboyà bá jẹ́ kí ènìyàn mọ ewu, kó sì yàn án, n kò tíì rí ẹni tó ju àgbẹ̀ yìí lọ nínú gbogbo ogun Arakan.

Ẹlẹ́rìí wo ni Shuyiman ní? Ọ̀kan nínú àwọn tó gbà là. Isaac padà sí Nàìjíríà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ní ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó tọ́ ọmọ. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó kọ ìtàn náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999, àkọlé rẹ̀ sì ni A Stroke of Unbelievable Luck. Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́. Kò pe ìyè rẹ̀ ní ìgboyà, oríire ló pè é. Nínú ìwé náà, Shuyiman kò sọnù.

Ní 2011, oníròyìn Barnaby Phillips ti Al Jazeera gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ tí Isaac kọ lọ sí Arakan. Ó wá abúlé náà rí, ó rí àwọn ọmọ Shuyiman, ó sì ka lẹ́tà náà fún wọn. Shuyiman ti kú. Ó tó ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin láti ìgbà ìbọn etí odò kí ọ̀rọ̀ ẹ ṣeun tó dé ilé tó yẹ kí ó dé. Isaac náà kú ní oṣù Kọkànlá 2012, ó lé ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Àwọn Mùsùlùmí Arakan, ìran Shuyiman, ni ayé ń pè ní Rohingya lónìí. Ní 2017, ìwà ipá àwọn ológun Bọ́mà lé iye tó ju 700,000 lọ nínú wọn sá lọ sí Bangladesh. Ìdílé kan ní Emùré-Ilé jẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní gbèsè ẹ̀mí. Nígbà tí a bá gbọ́ orúkọ wọn lórí rédíò, kó má ṣe dún bí orúkọ àjèjì létí wa.

Bí a ṣe gbà wọ́n padà

Báwo ni wọ́n ṣe gba àwọn tó padà? Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1944, oṣù kan náà tí àwọn Gurkha rí Isaac, àwọn Faransé yìnbọn pa àwọn ọmọ ogun dúdú tiwọn ní Thiaroye ní Sẹ̀nẹ̀gà. Àwọn ọmọ ogun náà ti jà fún Faransé, owó tó tọ́ sí wọn ni wọ́n ń béèrè. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì 1948, àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Accra tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn sí ilé gómìnà. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan yìnbọn. Sájẹ́ǹtì Adjetey, Kọ́pùrù Attipoe àti Odartey Lamptey ṣubú. Ìgboro Accra gbiná, ọ̀nà òmìnira Gánà sì kúrú sí i. Ìjọba tó ní àmì ẹ̀yẹ fún ìgboyà lójú ogun kò ní etí fún àwọn akọni kan náà nígbà tí wọ́n béèrè owó wọn.

Àwa náà ti ja ogun tiwa. Láàárín 1967 sí 1970, ọmọ Nàìjíríà yìnbọn sí ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀gágun Benjamin Adekunle, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó darí 3rd Marine Commando, tí wọ́n gba Bonny ní oṣù Keje 1967, ni ìjọba gbé iṣẹ́ títú èbúté Àpápá sílẹ̀ lé lọ́wọ́ lẹ́yìn ogun, nígbà tí ẹrù ti dí i pa. Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu títí dòní, fún rere àti fún àríyànjiyàn. Ta ni ó mọ orúkọ àwọn tó bá a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bonny? Ta ni ó mọ ti àwọn tó dúró dè wọ́n ní òdìkejì? Ajégúnlẹ̀ ni ọmọ Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ̀, Ùròbò, Haúsá, Ìlàjẹ àti Ègùn ti ń fi ògiri kan pín ilé. Ọmọ ẹni tó jà ní ìhà yìí ń ra epo lọ́wọ́ ọmọ ẹni tó jà ní ìhà kejì. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìíní lọ́dọọdún, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí, ni orílẹ̀-èdè wa ń rántí àwọn ọmọ ogun. Wọ́n ń gbé òdòdó sílẹ̀, wọ́n ń tú ẹyẹlé sílẹ̀, fèrè ń dún. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ni. Ìrántí tí kò ní orúkọ nínú, ayẹyẹ lásán ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀ wá fún

Ohun tí mo wá sọ kò ju ọ̀kan lọ. Ìgboyà kì í ṣe ohun ọ̀wọ́n láàárín wa. Ẹlẹ́rìí ló wọ́n. Ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ ní ẹlẹ́rìí tó mọ̀wé, ẹni tí kò gbà kò ní, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ jù lọ nìyẹn. Isaac Fadoyebo di ẹlẹ́rìí ara rẹ̀, ó sì ṣe ẹlẹ́rìí fún ẹni tó gbà á là. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó jọ wọ ọkọ̀ lọ kò rí ààyè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa tó kù la gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí fún wọn.

Ẹ̀yin tí bàbá tàbí bàbá bàbá yín jẹ́ ológun, ẹ má ṣe fi àpótí wọn fún aláǹgbá. Ìwé ìfẹ̀yìntì, ìwé owó oṣù, fọ́tò tí wọ́n yà ní Íńdíà, Burma Star tí wọ́n fún gbogbo ẹni tó dé ojú ogun náà, lẹ́tà tí a kọ láti bárékè, ẹ ya wọ́n ní fọ́tò, ẹ tọ́jú wọn, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni wọ́n àti ọdún sí ẹ̀yìn wọn. Bí àgbà kan bá wà nílé yín tó ṣì lè sọ̀rọ̀, ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù yín kó tó di ọ̀la. Fóònù tí ẹ fi ń gba orin sílẹ̀ ní Boundary, Ajégúnlẹ̀, lè gba ìtàn sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ Àpápá àti Ajeromi-Ifelodun, pátákó ni a ń béèrè. Ẹ ri pátákó kan mọ́ ẹnu Burma Road, kí ẹ sì ri òmíràn síbi tí ará ìgboro ti lè kà á nítòsí Bárékè Arakan. Kí wọ́n kọ sórí rẹ̀, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí Arakan wà, ẹni tó jà níbẹ̀, àti ọdún tí wọ́n jà. Owó rẹ̀ kò tó owó ayẹyẹ kan.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ ọmọ ní ìtàn òpópónà tó ń rìn kó tó kọ́ ti ogun Waterloo. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wá orúkọ ológun kan ládùúgbò rẹ̀, kó fi kọ àròkọ.

Ẹ̀yin ìyàwó àti ọmọ àwọn tó wà lójú ogun ní Ìlà Oòrùn Àríwá lónìí, tí ogun Boko Haram ti ń gbé lọ láti 2009, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n lọ àti ibi tí wọ́n rán wọn lọ sílẹ̀. Bí ìjọba bá gbàgbé, ìwé yín kò ní gbàgbé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìgboyà kì í ṣe fífọ́ ìgò láàárín òru láti dẹ́rù ba ará àdúgbò. Isaac kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni lójú ogun tó gba ìgboyà jù lọ́wọ́ rẹ̀. Àtidi ọgbẹ́ ẹlòmíràn ló gbé e dé ibẹ̀. Shuyiman kò ní ìbọn. Abà àti abọ́ ìrẹsì ni ohun ìjà rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá akọni tí ẹ ó fi ṣe àwòkọ́ṣe, ẹ wo àwọn méjì wọ̀nyí.

Kí a tó kúrò nínú gbọ̀ngàn yìí, kí olúkúlùkù wa ronú kan orúkọ ológun kan tó mọ̀, tí kò sí nínú ìwé kankan. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ òní, orúkọ, ìlú, ọdún, ogun tó jà. Kó fi han ọmọ rẹ̀.